Bí Ìdílé Kristẹni Ṣe Lè Ṣètò Owó Ilé Kí Ìnáwó Òjijì Má Baà Dà Á Rú

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìnáwó méjì já lu ilé wa ní Ìbàdàn láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ kan gbogbo Nàìjíríà: lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà kan tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 sì kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Èkejì kan àwa nìkan: ọmọ wa kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké inú rírun lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. A kò ní kọ́bọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. A gbàdúrà, a sunkún, a sì yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí ìyá mi, sí ọ̀gá mi àti sí alága ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí a pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kí a tó san án. Ọmọ yè, ògo ni fún Ọlọ́run. Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi san gbèsè náà.

Nígbà tí a san án tán, èmi àti ọkọ mi jókòó ti ìwé kan, a sì kọ gbogbo ìnáwó tí a ti pè ní òjijì lọ́dún náà sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Méjì péré nínú wọn, ìyẹn iṣẹ́ abẹ ọmọ àti owó epo, ni a kò lè rí tẹ́lẹ̀ rárá. Ní ti mẹ́sàn-án yòókù, ọjọ́ wọn ni ó pamọ́ fún wa, wíwá wọn kò pamọ́. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn aláìní nínú ìjọ wa fún ọdún díẹ̀ báyìí, mo sì ti rí i pé ilé tó ń gbàdúrà gidigidi lè ṣubú sínú gbèsè kan náà lọ́dọọdún. Àdúrà wọn kọ́ ni kò gbà. Owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń bá wọn lójijì, ní gbogbo oṣù kẹsàn-án. Ìgbésẹ̀ tí a fi jáde kúrò nínú rẹ̀ nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ìnáwó ọdún tó kọjá sílẹ̀

Ẹ mú ìwé onílà kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe é sórí fóònù, nítorí pé fóònù jẹ́ ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lórí tábìlì ni tọkọtaya jọ ń rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní, kí ẹ sì kọ gbogbo ìnáwó tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́: owó ilé, owó ilé ìwé, oògùn, títún ọ̀kadà tàbí mọ́tò ṣe, aṣọ ẹbí, òkú, ìsọmọlórúkọ, ọdún Kérésì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ yóò rán yín létí ohun tí ẹ ti gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé mìíràn. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ gbogbo ohun tó dájú pé yóò tún wá, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ rẹ̀. Owó ilé ìwé máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta àti ìkẹrin máa ń bá ìjì wá, ìjì sì máa ń gbé páànù. Ibà máa ń mú ọmọdé nígbà òjò. Táyà ti ń jẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè rò. Ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún yín bí apá òsì yóò ti kéré tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jókòó pọ̀ kí owó tó wọlé

Ẹ mú alẹ́ kan ní ìparí oṣù, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí ẹ sì ṣe é kí owó oṣù tó wọlé, nítorí pé owó tó bá ti wà lọ́wọ́ ti ní ohùn tirẹ̀. Ẹ fi àdúrà kúkúrú bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé kúkúrú, nítorí mo ti rí ibi tí ọkọ ti fi àdúrà wákàtí kan bo ìbéèrè tí aya rẹ̀ fẹ́ bi í mọ́lẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀, nínú Lúùkù orí 14, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná òun. Ìṣirò yẹn kò dín ìgbàgbọ́ kù.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni kí olúkúlùkù sọ iye tó ń wọlé fún un. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ aya ni kò mọ owó oṣù ọkọ wọn, ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò sì mọ èrè tí aya ń rí lọ́jà. Ẹ̀rù ló ń fa èyí, kì í ṣe ìkà: ọkọ ń bẹ̀rù pé bí aya bá mọ̀, ìbéèrè á pọ̀, aya ń bẹ̀rù pé bí ọkọ bá mọ̀, kò ní í fún òun lówó oúnjẹ mọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa dá sí àpò ilé, kí ẹ sì máa pa á mọ́. Ìfọkàntán yóò dàgbà lórí èyí tí ẹ bá pa mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń tọ́ ọmọ, ẹ wá ìyá àgbà tàbí arábìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kò já, kí ó bá yín jókòó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín ìnáwó ọdún sí oṣù méjìlá

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ olùkọ́, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Aya ń ta ẹja inú yìnyín, èrè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦90,000 lóṣù. Àpapọ̀ jẹ́ ₦210,000. Owó ilé wọn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Owó ilé ìwé jẹ́ ₦55,000 lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ₦165,000. Títún ọ̀kadà ṣe, ₦60,000. Oògùn àti àyẹ̀wò, ₦48,000. Aṣọ ẹbí àti ayẹyẹ, ₦72,000. Ìwé, bàtà àti aṣọ ilé ìwé, ₦45,000. Kérésì àti Àjíǹde, ₦48,000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ₦678,000, bí a bá sì pín in sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ ₦56,500 lóṣù kan.

Ìdílé yìí ti ń ná ₦56,500 yìí lóṣooṣù tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbèsè ni wọ́n fi ń san án, wọ́n sì ń san èlé lé e. Nísinsìnyí, nínú ₦210,000 wọn, ìdá mẹ́wàá gba ₦21,000, oúnjẹ ₦80,000, owó ọkọ̀ ₦30,000, iná àti fóònù ₦12,000, àpò ìnáwó ọdún ₦56,500, àpò òjijì gidi ₦7,500. Ó ku ₦3,000, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ lábúlé. Ó há, mo mọ̀. Bí tiyín bá há ju èyí lọ, ẹ má sọ ìwé náà nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo, owó ilé ìwé, kí ẹ máa yà á sọ́tọ̀ lóṣooṣù títí yóò fi mọ́ yín lára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá àpò òjijì gidi sílẹ̀, kí ẹ sì yan ibi tí yóò wà

Àpò yìí yàtọ̀ sí ti ìnáwó ọdún. Ti apá òsì ìwé yín ni: iṣẹ́ abẹ, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, jàǹbá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó owó oúnjẹ oṣù kan. Bí ìdílé àpẹẹrẹ wa bá ń fi ₦7,500 sí i lóṣooṣù, oṣù kọkànlá ni wọn yóò kọjá ₦80,000.

Àwọn kan nínú ìjọ máa ń sọ pé fífi owó pamọ́ de ọjọ́ ibi jẹ́ àìnígbàgbọ́, pé ẹni tó bá pèsè de àìsàn ti ké sí i. Mo fi tìfẹ́tìfẹ́ tako ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 41, Ọlọ́run fi ìyàn ọdún méje han Fáráò lójú àlá, ó sì fún Jósẹ́fù ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí Jósẹ́fù ṣe lẹ́yìn ìṣípayá náà ni pé ó kọ́ àká, ó sì ń gba ìdá kan nínú márùn-ún irè oko Íjíbítì ní ọdún méje tí oúnjẹ fi pọ̀. Ó ní ìran, ó sì ní àká. Ẹni tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ sí ni ó yára kọ́ àká jù.

Ibi tí ẹ óò fi owó náà sí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá jẹ́ oníṣòwò tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́, àjọ lọ́dọ̀ alájọ bá yín mu: ẹ óò máa dá iye kan lójúmọ́, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà alájọ náà nìkan ni onídùúró yín, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó ju ti oṣù kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èésú dára fún ohun tó ní ọjọ́, bíi owó ilé. Kò dára fún òjijì, nítorí pé àìsàn kì í dúró de ẹni tí ó kàn láti kó. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń gba owó oṣù, nítorí pé yàtọ̀ sí owó yín tó ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè yá ju ohun tí ẹ ní lọ pẹ̀lú èlé kékeré bí ẹ bá ní onídùúró. Ní ti báńkì, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe onídùúró owó inú báńkì, ń dáàbò bo owó oníbàárà bí báńkì bá wó, títí dé ₦5,000,000 ní báńkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báńkì kéékèèké (microfinance), láti ọdún 2024. Ẹ ṣí àkáǹtì tí kò ní káàdì, kí ó má baà rọrùn láti fà jáde nídìí POS. Abẹ́ ìrọ̀rí kò dára.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ to ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá, ọrẹ àti ẹ̀jẹ́ kí wàhálà tó dé

Nínú ilé wa, ìdá mẹ́wàá ni a kọ́kọ́ ń yọ, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ohun kan tí yóò dun àwọn kan: ẹ má yá owó san ẹ̀jẹ́ nílé Ọlọ́run. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, nínú ìwé kejì orí 8, pé ohun tí ènìyàn ní ni a fi ń tẹ́wọ́ gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní. Bákan náà, nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó fi ọrẹ ṣe àwáwí wí, tí wọ́n sọ pé Kọ́bánì, ìyẹn ọrẹ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ni owó tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn. Nítorí náà, bí ọmọ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí ọjọ́ ẹ̀jẹ́ kíkọ́ ìjọ sì pé, ẹ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn yín, kí ẹ sọ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Olùṣọ́-àgùntàn tòótọ́ yóò bá yín kúnlẹ̀, yóò sì bi yín pé èló ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lọ́jọ́ tí ó bá dé gan-an

Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ gbàdúrà, kí ara tó ń gbọ̀n lè balẹ̀, nítorí pé ìpinnu tí a fi ẹ̀rù ṣe ni ó mú èmi fọwọ́ sí èlé tí n kò kà. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta ní títẹ̀lé ara wọn. Ṣé ẹ̀mí ló wà nínú ewu? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀? Bí kò bá lè dúró, ṣé a lè san án díẹ̀ díẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí, ẹ sáré lọ ná. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù tó lè fà á. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sì sọ ọ́ ketekete. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú aláìsàn dé ibi tí ewu ti kúrò, ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá a lè san án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ran aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé níbo ni ọ́fíìsì wọn wà. Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹ ti wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín kí àìsàn tó dé, irú bíi OYSHIA ní Ọ̀yọ́ àti Ilera Eko ní Èkó. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ìnáwó ọdún yín nínú ìgbésẹ̀ kẹta.

Ẹ̀yìn àpò òjijì ni kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò mìíràn, ìtẹ̀léra kan sì wà: owó aṣọ ẹbí àti ayẹyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà owó ọdún Kérésì, lẹ́yìn náà owó títún ọ̀kadà ṣe. Owó ilé àti owó ilé ìwé ni kí ó gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n tó bá fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ lásìkò yẹn, ẹ pè é lórí fóònù fúnra yín, kí ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ dá a lóhùn: “Ẹ̀gbọ́n mi, a ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, a ó bá yín ṣe é dé òpin, ṣùgbọ́n aṣọ tí a ní nílé ni a ó wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.” Àwọn kan yóò bínú. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí yíyá kò bá ṣeé yẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí kò ní gba èlé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ óò san án sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ aláàánú ìjọ pẹ̀lú. Ìtìjú máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an ni wọ́n ṣe yan ọkùnrin méje nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó nínú ìpín ojoojúmọ́.

Àwọn ayánilówó orí fóònù ni kí ó gbẹ̀yìn, bí kò bá ṣeé ṣe láti yẹra fún wọn pátápátá. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà lára àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, fọwọ́ sí, ẹ má sì gbà kí wọ́n wọ inú nọ́ńbà àwọn ènìyàn tó wà lórí fóònù yín. Ẹ ṣírò èlé wọn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì: bí ẹ bá yá ₦50,000 pẹ̀lú èlé náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí ẹ sì ń san èlé nìkan fún oṣù mẹ́ta, ẹ ti san ₦22,500, ẹ sì tún jẹ ₦50,000.

Opó inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4, tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú nítorí gbèsè, ni mo máa ń kà fún àwọn tó bá wá bá ìgbìmọ̀ wa. Èlíṣà bi í pé kí ló ní nínú ilé. Ìkòkò òróró kan ni. Nígbà tí òróró náà pọ̀, wòlíì kò ní kí ó lọ se àsè; ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ìyókù. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Èlíṣà. Arábìnrin kan lọ́dọ̀ wa mọ irun dì. A kò tilẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́fà ni ó fi dirun tó fi san gbèsè tí ó ti ń sá fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tún àpò náà kún

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣubú, nítorí pé nígbà tí ewu bá ti kọjá, ara á tu ènìyàn, ìwé náà á sì lọ sábẹ́ àga. Lóṣù tó tẹ̀lé e gan-an ni kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Títí àpò òjijì yóò fi dé ìdajì, ẹ dá fífi owó sí àpò ayẹyẹ dúró, kí ẹ fi kún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjì gbé páànù ilé ìdáná wa lọ lóru ọjọ́ Àìkú. ₦86,000 ni ó wà nínú àpò náà. Páànù, ìṣó àti owó iṣẹ́ káfíńtà gba ₦71,500, kí ó tó di ọjọ́rú a ti ń dáná lábẹ́ òrùlé. A kò pe ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá àwọn ọmọ ṣí ìwé, ó kọ ọjọ́ àti iye tí a ná sílẹ̀, ó kọ “Ọpẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ₦14,500 tó kù sí ìlà tó tẹ̀lé e, àti ₦7,500 ti oṣù karùn-ún sábẹ́ rẹ̀.